Kí Ló Dé Tí Ọ̀bẹ Kíká Fi Ń Há?

Àwọn tó ń ta ọ̀bẹ láàrin wa ló béèrè. Ọ̀bẹ Opinel, tí wọ́n ti ń ṣe ní Savoie nílẹ̀ Faransé láti 1890, igi ni èèkù rẹ̀. Bí omi bá wọ igi náà, á wú, á sì há ojú ọ̀bẹ mọ́nú. Ẹ má fi eyín fà á o! Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi òróró díẹ̀ pa á. Àwọn kan a máa fi sáńpépà ha inú èèkù kó lè fẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ojú ọ̀bẹ á máa mì.

Òrùka ọrùn rẹ̀, tí wọ́n fi kún un ní 1955, lẹ̀rù wà. Bó bá ti dẹ̀, ọ̀bẹ lè ká lu ìka lójijì. Ẹ̀mú ni wọ́n fi ń fún un díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò bá dì mú, ẹ má tà á.