Máàkì Àárín àti Ìpíndọ́gba Lọ́dọ̀ Àwọn Ayánilówó Amẹ́ríkà

Ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń san gbèsè: Equifax, Experian àti TransUnion. Ní Atlanta ni wọ́n ti dá Equifax sílẹ̀ lọ́dún 1899, tó ń jẹ́ Retail Credit Company nígbà náà. Olófòófó àwọn oníṣọ́ọ̀bù ni ká pè é: òun ló ń sọ ẹni tó ń ra àwìn tó ń san án, àti ẹni tó ń rà á tí kì í san. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò máàkì FICO, tí àwọn ayánilówó ń wò, láti 1989. 300 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, 850 sì ni òkè.

Báńkì kan lè fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ méjì kó má fi ránṣẹ́ sí ìkẹta, ìdí nìyí tí ẹnì kan fi ń ní máàkì mẹ́ta. Ká ní wọ́n jẹ́ 712, 698 àti 630. Ẹni tó bá rò wọ́n pọ̀, tó pín in sí mẹ́ta, yóò rí 680, ìpíndọ́gba nìyẹn. Ẹni tó bá tò wọ́n tẹ̀léra, tó mú ti àárín, yóò rí 698. Ti àárín yìí ni àwọn tó ń yáni lówó ilé sábà máa ń lò, ó sì bọ́gbọ́n mu. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣèèṣì kọ gbèsè ẹlòmíràn mọ́ ènìyàn lọ́rùn, tí 630 já sí 560, ìpíndọ́gba á bá a wálẹ̀, àmọ́ 698 kò ní mì.

Tọkọtaya tó fẹ́ jọ yáwó ló ń rí wàhálà. Fannie Mae, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1938, ló ń ra ẹ̀yáwó ilé lọ́wọ́ àwọn báńkì. Tẹ́lẹ̀, bí máàkì àárín ìyàwó bá jẹ́ 740, tí ti ọkọ jẹ́ 600, 600 ni wọ́n ń mú, kò sì tó 620 tí wọ́n ń béèrè nígbà náà. Lọ́dún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín méjèèjì dọ́gba: 670, ó ti yege.

Ìpíndọ́gba gbogbo ìlú ló ń tan ènìyàn jù. 718 ni ilé-iṣẹ́ FICO kéde lọ́dún 2023. Ẹni tó ní 725 lè rò pé òun ti ṣíwájú ìdajì àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn tó ní 750 sókè nìkan ti súnmọ́ ìdajì. Àwọn díẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló fa ìpíndọ́gba wálẹ̀. Ẹni tó wà láàárín gan-an ti kọjá 725.