Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Íntánẹ́ẹ̀tì fún olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún 2020 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ EKOEXCEL, tó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba lọ́wọ́. Lọ́dún 2022, UNICEF, Microsoft àti ìjọba àpapọ̀ gbé Nigeria Learning Passport, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, jáde. Ọ̀fẹ́ ni.

Owó dátà ńkọ́?

Olùkọ́ kan ní Ayọ̀bọ̀ ní Èkó lè gba ẹ̀kọ́ sórí áàpù ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ Kolibri nílé; bó bá dé kíláàsì, á ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìdá, kó fi fídíò kúkúrú hàn wọ́n, kó dá a dúró, kó gé búrẹ́dì sí mẹ́rin lójú wọn, kí kálukú sì ya ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wo fídíò náà tán fúnra rẹ̀, bóyá ó bá sílábọ́ọ̀sì mu.