Ẹrú Ní Baba: Bí ‘Knave’ Ṣe Di Orúkọ Èébú

Ọ̀kan wà nínú àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jẹ́ pé bí inú bá ń bí i sí àwa ọmọkùnrin, kì í pè wá ní ọ̀lẹ tàbí òmùgọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti í ṣe. ‘Knave’ ni í pè wá, yóò sì fi pàṣán na tábìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wá létí. A kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí ó fi ń wò wá ti túmọ̀ rẹ̀: ìpáǹle, ẹ̀dá tí a kò gbọdọ̀ fi ọkàn tán. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ dáyé, ohun tí a jẹ́ gan-an ni ó ń pè wá.

Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ‘cnafa’ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọmọdékùnrin, láìsí ẹ̀gàn nínú rẹ̀ rárá. Wọ́n sì ń pe k iwájú rẹ̀ jáde ketekete, k tí àwọn ọmọ wọn ti gbé mì lónìí, ṣùgbọ́n tí ará Jámánì kò gbé mì, nítorí ‘Knabe’ ni ọmọkùnrin ń jẹ́ lẹ́nu wọn títí di ìsinsìnyí. Àní nínú Bíbélì Wycliffe ti ọ̀rúndún kẹrìnlá, níbi tí Ìfihàn orí 12 ti sọ pé obìnrin náà bí ọmọkùnrin, ‘knave’ ni wọ́n lò, ọmọ tí yóò sì jọba lórí gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń wí!

Ilé ọlọ́lá ni ọ̀nà ti wọ́. Ọmọkùnrin tí ń fọ àwo, tí ń bọ́ ẹṣin, tí ń dáná, bí ó tilẹ̀ hu ewú, ‘ọmọ’ náà ni wọn yóò máa pè é. Àwa tí a ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé kò níí ṣe bí ẹni pé a kò mọ èyí. Bí ẹran bá sì dín nínú ìṣaasùn, ojú ta ni a kọ́kọ́ ń wò, ìbáà jẹ́ ológbò ni ó jẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ baálé fúnra rẹ̀? Orúkọ tí a ń fi ìfura pè lójoojúmọ́, kì í pẹ́ tí ìfura náà fi í di ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú eré King Lear tí Shakespeare kọ, ọba arúgbó náà ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣìkẹ́ apanilẹ́rìn-ín rẹ̀, bí bàbá àgbà ti í pe ọmọ-ọmọ. Nínú eré kan náà ni Kent, ìjòyè ọba náà, ti kó o mọ́ èébú, tí ó dà á lé Oswald ìránṣẹ́ lórí bí omi ẹ̀gbin.

Ti ẹlẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ni ó yà mí lẹ́nu jù. ‘Cniht’ pẹ̀lú, ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ìránṣẹ́ ni láyé ọjọ́un. ‘Knecht’ tí í ṣe ẹbí rẹ̀ ní Jámánì kò tíì kúrò nípò ìránṣẹ́. Ṣùgbọ́n cniht gun ẹṣin, ó gbé idà, ó sin ọba lójú ogun, ó sì di ‘knight’, oyè tí Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń dá ènìyàn lọ́lá. A kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá, a délé ayé tán, ojú ń kán wa.

Ibi kan ṣoṣo ni knave ti bá ọba jókòó: nínú káàdì títa, níbi tí ọba, aláṣẹ èkejì òrìṣà, wà pẹ̀lú ayaba àti ìránṣẹ́ wọn. Nígbà kan rí, àwọn mẹ̀kúnnù a máa pe ìránṣẹ́ yìí ní Jack, àwọn ọlọ́lá a sì máa yínmú sí wọn. Nínú ìwé Great Expectations tí Charles Dickens kọ ní 1860 sí 1861, ohun tí Estella, ọmọbìnrin ilé ọlọ́lá, fi pẹ̀gàn Pip, ọmọ inú ilé alágbẹ̀dẹ, nìyẹn, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tí ó le àti bàtà rẹ̀ tí ó nípọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn tí ń tẹ káàdì bẹ̀rẹ̀ sí fi lẹ́tà sí igun rẹ̀, K fún ọba, Kn fún knave, tí ẹni tí ó fẹ káàdì lọ́wọ́ bí abẹ̀bẹ̀ fi ń ṣi ìránṣẹ́ mú fún Kábíyèsí. Ni wọ́n bá yọ Kn, wọ́n fi J ti Jack sípò rẹ̀. K tí ẹnikẹ́ni kì í pè mọ́ yẹn ni ó lé knave kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba. Orúkọ tí Estella fi Pip rẹ́rìn-ín ni ó sì wà lórí káàdì títí di òní.