Owó àjọ ní Pobè àti Sakété: bí àmì kékeré ṣe lè fi ẹni tí kò san hàn

Ẹni mẹ́rin ń dá àjọ, kálukú wọn ń san 2,000 sẹ́fà. Lọ́jọ́ ọjà, olórí àjọ kó owó náà sínú àpò kan ṣoṣo. Nígbà tó délé tó kà á, 6,000 ló bá. Ẹnì kan kò san, àmọ́ gbogbo wọn ló ní àwọn ti san. Ẹ̀yin tó ń ná ọjà Pobè àti Sakété mọ irú ẹjọ́ yìí, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ọdún pípẹ́ lè tìtorí rẹ̀ túká.

Owó náà kò lè jẹ́rìí, nítorí 2,000 ẹnì kan kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ ká fún un lẹ́nu. Kí ẹni àkọ́kọ́ máa fi 5 fàránkì lé tirẹ̀, ẹnì kejì 10, ẹnì kẹta 25, ẹnì kẹrin 50. Bí owó àpò bá wá jẹ́ 6,065, ẹ wo 65 tó wà nídìí rẹ̀. 50, 10 àti 5 nìkan ló lè bí i, ẹni 25 ni kò tíì san. A gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà ro àmì mẹ́rin náà pọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, kò sí méjì tó jọra. Ì báà jẹ́ pé wọ́n ti ṣẹ́ owó náà sí bébà, iye rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó fà á ni pé àmì kọ̀ọ̀kan ju àròpọ̀ gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ. 5 àti 10 jẹ́ 15, 25 sì jù ú lọ. Ẹni karùn-ún lè gba 100, ẹni kẹfà 200. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni owó irin 250, nítorí pé 200 àti 50 náà jẹ́ 250. Ẹni keje ní láti fò ó lọ sí 500. Òótọ́ ni pé yóò kùn! Nítorí náà, kí wọ́n dá àmì kálukú padà fún un lọ́jọ́ tó bá kó àjọ.

Èyí kò ní ya babaláwo lẹ́nu. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé, odù 256 ló ń jáde níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pe àwọn nọ́ḿbà tí àlàfo àárín wọn ń gbòòrò báyìí ní lacunaire lédè Faransé. Jacques Hadamard, ará Faransé, kọ̀wé nípa irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ní 1892. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Simon Sidon, ará Họ́ńgárì, dé. Ìgbì ni tirẹ̀, kì í ṣe owó. Ìró kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ ti dùndún tàbí ti rédíò, jẹ́ àkópọ̀ ìgbì tó ń gbọ̀n, àwọn kan yára ju àwọn kan lọ. Bí ìyára wọn bá sún mọ́ra jù, wọ́n lè máa pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Àmọ́ bí ìyára wọn bá jẹ́ 1, 3, 9, 27 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò lè pa ara wọn lẹ́nu mọ́ tán. Bó ti wù kí ìgbì náà pọ̀ tó, ìgbà kan ń bọ̀ tí ìró àpapọ̀ wọn yóò ga dé ìpín kan pàtó nínú àròpọ̀ agbára wọn. Orúkọ Sidon ni Walter Rudin fi pe irú àwọn nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 1960. Ọmọ Sakété tó bá fẹ́ mu ìṣirò lọ jìnnà kò ní láti sọdá òkun kó tó bẹ̀rẹ̀. IMSP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, wà ní Dangbo.

Ṣé àmì tó tóbi jù lè kéré sí i? 1, 2, 4 àti 8 dára fún ẹni mẹ́rin, ṣùgbọ́n 3, 5, 6 àti 7 náà dára, 7 sì kéré sí 8. Bí ẹni náà bá di ogún tàbí ọgọ́rùn-ún ńkọ́, báwo ni àmì tó tóbi jù ṣe lè kéré tó? Paul Erdős, ará Họ́ńgárì bíi Sidon, fi 500 dọ́là lélẹ̀ fún ẹni tó bá yanjú ìbéèrè yẹn. Ó kú ní 1996, kò sì tíì sí ẹni tó gba owó náà.