Iná tó tú àṣírí ọgbà ọba

Nílùú Granada, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, ààfin kan wà tó ń jẹ́ Generalife. Ibẹ̀ làwọn ọba Mùsùlùmí ìdílé Nasrid máa ń lọ sinmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀kan nínú wọn, Ismail Kìíní, tún un ṣe lọ́dún 1319.

Àgbàlá kan wà nínú rẹ̀ tí kò fẹ̀ ju mítà 13 lọ, àmọ́ tó gùn tó nǹkan bíi mítà 49. Omi tí wọ́n fà wá láti odò Darro ló gba àárín rẹ̀ kọjá, òun náà ló ń bomi rin oko ọba.

Lọ́dún 1958, iná jó apá kan ibẹ̀. Àjálù ni lóòótọ́, àmọ́ ó bí ire. Nígbà táwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n rí i pé láyé ọjọ́un, ibi tí wọ́n ń gbin òdòdó sí rẹlẹ̀ ju ojú ọ̀nà lọ dáadáa. Ọba á máa rìn lókè, òdòdó á tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì.

Omi tó ń tú yàà sókè lọ́tùn-ún lósì, táwọn àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀ ṣáá ńkọ́? Wọn ò tíì ṣe é nígbà ayé àwọn ọba yẹn o. Lẹ́yìn ọdún 1800 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í síbẹ̀.