Ọjọ́ Kìíní Mi ní Àjàṣẹ́: Ohun Mẹ́ta Tó Yẹ Kí Àlejò Kọ́kọ́ Ṣe

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. N kò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jinlẹ̀ tó títí mo fi dé Àjàṣẹ́, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, tí ayé mọ̀ sí Porto-Novo. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi ló gbé mi lọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni owó ọwọ́ mi lè gbé, síbẹ̀ ìdajì ọjọ́ kìíní ṣòfò mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ṣìṣe, kí ẹ̀yin má baà ṣe bẹ́ẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni owó. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Mo pààrọ̀ náírà ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, àmọ́ kìkì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni mo gbà. Ọlọ́kadà tó gbé mi, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, kò ní ṣéńjì. A pẹ́ lójú oòrùn ká tó rí ẹni ṣẹ́ owó náà. Ẹ gba owó wẹ́wẹ́ dání, kí ẹ sì ná iye tí ẹ máa san kí ẹ tó gun ọ̀kadà.

Èkejì ni àdírẹ́sì. Mo rò pé tí mo bá dé, màá pe ẹni tó fẹ́ gbà mí sílé. Láìnì Nàìjíríà mi kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ẹ kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà sínú ìwé láti ilé, kí 229, nọ́ńbà orílẹ̀-èdè náà, wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìkíni. Faransé tí kò dán mọ́rán ni mo ń fi béèrè ọ̀nà kiri. Lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ńlá, èyí tí àwọn Àgùdà kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Bàhíà, mo gbọ́ tí ìyá kan ń fi Yorùbá pe oníbàárà. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú ọjà o, mà.”

“O kú ìrìn, ọmọ mi. Ṣé Èkó lo ti ń bọ̀?”

Fóònù ìyá yìí ni mo fi pe onílé mi.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, n kò sáré káàkiri mọ́. Mo fẹsẹ̀ rin àdúgbò kan ṣoṣo náà, mo sì mọ ọ̀nà ilé. Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà ni mo kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún iṣẹ́ mi. Abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ká kí èèyàn ná, ká tó béèrè.