Ta Ló Ń Bá Ọ Yan Aṣọ?

Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣe tinú ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ẹnu ayé ń darí, ẹ wá jókòó ti maṣíìnì mi nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Léèsì á kún àga, ànkárá á kún ilẹ̀, àwọn oníbàárà á máa ráhùn iye tí wọ́n ra aṣọ sí mi létí, àfi bíi pé èmi ni mo kó o lé wọn lórí.

Bí aṣọ ẹbí ṣe ń lọ nìyí. Olóde á lọ sí ọjà Gbági, á ra léèsì lọ́pọ̀, á gé e, á bu owó díẹ̀ lé e, á wá pín in fún ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́. Èrè yẹn wà lára ohun tó fi ń ra ẹran àti ìrẹsì. Gbogbo wa la mọ̀. Ẹni tí kò bá ra aṣọ lè jókòó títí kí abọ́ má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀bùn ìrántí náà á sì fò ó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrẹsì ló ń bani lẹ́rù. Ohun tí wọ́n máa sọ lẹ́yìn ẹni ni: "Kò bá wa ṣe é." Nítorí gbólóhùn yìí, mo ti rí ẹni tó kó àjọ tó fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ, tó sì kó o sórí léèsì. Mo gba owó iṣẹ́ mi o, n kò ní parọ́.

Oníbàárà mi kan ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Bí ọdún bá ti yí, òun àti ọkọ rẹ̀ á kọ ohun tí owó wọn wà fún sínú ìwé: ilẹ̀ tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀, owó ìdánwò ọmọ. Ìnáwó méjì péré ló ń ra aṣọ fún lọ́dún. Èyí tó kù, á wọ àdìrẹ rẹ̀ lọ, á wé gèlè tó bá ti olóde mu. Ṣọ́ọ̀bù mi níbí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ká a mọ́.

"Ìyàwó wa, o ò ní ra aṣọ wa ni?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi, mà. Ti aṣọ yìí ni kò sí nínú ohun tí a là sílẹ̀ lọ́dún yìí. Omi tí àlejò máa mu, èmi ni mo máa gbé e wá."

Ìyẹn wò ó títí. Ó ní, "Kí omi náà ṣáà tutù o."

Ó ti pinnu kí wọ́n tó bi í, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ kò fi gbọ̀n. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí aṣọ dé iwájú rẹ̀, ojú ẹbí ni yóò bá a dáhùn.

Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, Tai Solarin ni mo máa ń rántí. Ṣòkòtò kàkí péńpé ló máa ń wọ̀ káàkiri nígbà ayé rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tòun ti ìwé tó kà. Àwọn èèyàn fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n gbójú fo ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀gá ni nígbà kan ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí èrò rẹ̀ lórí ẹ̀sìn nínú ilé-ìwé kò bá tàwọn tó kù mu, ó fi ipò sílẹ̀. Ní 1956, òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń roko, tí kò sì sí ẹ̀sìn kankan tí ilé-ìwé náà ń sìn. Onígbàgbọ́ ni mí, n kò bá a gba tìyẹn. Àmọ́ ó ní ohun tó fẹ́ kọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kó ráyè ẹlẹ́yà.

Kì í ṣe gbogbo aṣọ ẹbí ló jẹ́ ẹrù o. Opó kan ń jó nígbà tí mo ń wọn aṣọ ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀ fún un. Tirẹ̀ ni, ó ti ń tọ́jú owó rẹ̀ tipẹ́. Nítorí náà, bí ẹni tó ń ráhùn bá mú léèsì wá, mo máa ń bi í bóyá ì bá rà á ká ní kò sẹ́ni tó máa rí i níbi ìnáwó náà. Àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan ká tirẹ̀ padà sínú ọ̀rá, ó ní òun fẹ́ lọ rò ó. Kò tíì padà wá, ọmọṣẹ́ mi sì ti bẹ̀ mí pé kí n yéé bi oníbàárà ní ìbéèrè.